58308: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀gẹ́ Kan Tí Kò Lókìkí

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ léèrè ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ tó ti ṣe àgbẹ̀ Áfíríkà lóore jù, ọ̀pọ̀ wọn yóò dárúkọ TMS 30572. Àgbẹ̀ tí kò ráyè nọ́ńbà á kàn pè é ní àgíríkì, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òbí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ níbí: ẹ̀gẹ́ kan tí iṣu rẹ̀ kò pọ̀, tí àgbẹ̀ kò ní torí rẹ̀ kọ ebè, tí kò sì ní orúkọ ju nọ́ńbà lọ. 58308 ni wọ́n ń pè é. Ìrìn àjò rẹ̀ gba orí òkè kan ní Tanzania, ó gba inú òdòdó igi rọ́bà, kó tó dé Ìbàdàn. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ á rí bí wọ́n ṣe ń mú irúgbìn dára sí i, láìsí idán kankan níbẹ̀.

Àrùn ló fa ọ̀rọ̀ náà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé ẹ̀gẹ́, àwọn Potogí ló sì gbé e sọdá òkun wá sí agbègbè odò Kóńgò ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó bá àwọn fáírọ́ọ̀sì kan níhìn-ín, tó ti ń gbé inú àwọn ewéko ilẹ̀ wa ṣáájú rẹ̀. Kò sí irú wọn ní ilé tó ti wá, nítorí náà kò sí ohun tó kọ́ ọ bí a ṣe ń bá wọn jà. Ní 1894, Warburg, onímọ̀ ewéko ọmọ Jámánì, kọ àpèjúwe àrùn náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí. Mosaic ni orúkọ tó mọ́ ọn lára.

Ewé ẹ̀gẹ́ tí mosaic mú kì í fara sin. Á kéré, á lọ́, á wúnjọ bí aṣọ tí a fún tí a kò tẹ́. Apá kan á pọ́n rúsúrúsú, apá kan á ṣì tutù. Ewé ló sì ń se oúnjẹ tí igi ń kó pamọ́ sí ìdí. Bí ewé bá ti bàjẹ́ láti kékeré, ẹni tó bá hú ẹ̀gẹ́ náà lè bá iṣu tó rí bí ìka ọwọ́.

Ọ̀nà méjì ni àrùn yìí ń gbà rìn. Kòkòrò funfun tíńtín kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bemisia tabaci, ń fa omi ewé mu kiri, ó sì ń gbé fáírọ́ọ̀sì láti igi dé igi. Ọ̀nà kejì ni ọwọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ni à ń gé gbìn, a kì í gbin kóró rẹ̀. Igi tí àrùn wọ̀ lára lọ́dún yìí, òun náà ni a máa gé tì mọ́lẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, a sì lè di ìtì kan fún àna wa ní abúlé kejì. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àìmọ́tótó àgbẹ̀ ló fa àrùn sóko. Bí gbogbo igi tó wà ní àdúgbò bá ti ní in, èwo ni kó gbìn?

Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani tó wà lórí òkè Usambara ní Tanganyika ìgbà náà, H. H. Storey àti R. F. W. Nichols bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gẹ́ tí mosaic kò ní lè ṣẹ́gun. Wọ́n kó onírúurú ẹ̀yà jọ, wọ́n gbìn wọ́n. Àwọn kan rọ́jú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọjú sí àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbó.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan náà ni igi rọ́bà Ceará, Manihot glaziovii, tí wọ́n ti kó wá sí Áfíríkà nítorí oje rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí igi rọ́bà ńlá tó kún ilẹ̀ Ẹdó àti Delta. Ìbátan ẹ̀gẹ́ gan-an nìyí, ewé wọn sì jọra. Igi gidi ni, ó ga, ìdí rẹ̀ le koko, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe gàrí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá ṣáṣá níbi tí ẹ̀gẹ́ ti ń ṣàìsàn. Kúrómósóòmù, ìyẹn àwọn okùn tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, 36 ni òun àti ẹ̀gẹ́ ní lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èyí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè bí ọmọ fún ara wọn.

Bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀yà méjì pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti sùúrù. Akọ òdòdó àti abo òdòdó máa ń wà lórí igi ẹ̀gẹ́ kan náà. Abo wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka òdòdó, akọ wà lókè. Abo ló ń kọ́kọ́ là, akọ á wá là ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á fi àpò kékeré bo abo òdòdó kó tó là, kí kòkòrò má bàa gbé ti ẹlòmíràn wá bá a. Lọ́jọ́ tó bá là, á já akọ òdòdó lára igi kejì, á fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra ojú abo náà, á tún un bò, á sì so pátákó kékeré mọ́ ọn tó ń sọ ẹni tó jẹ́ bàbá àti ẹni tó jẹ́ ìyá. Èso kan kì í ní ju kóró mẹ́ta lọ. Tó bá gbó tán, á bẹ́ fúnra rẹ̀, á fọ́n kóró náà dà sínú igbó, nítorí náà wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi àpò gbà á. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dúró de kóró mẹ́ta.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà bí gbé ìlera wá, ó sì gbé ìdí líle wá pẹ̀lú. Ìdajì ti ìyá, ìdajì ti bàbá: ohun tí a kò fẹ́ bá ohun tí a fẹ́ wọlé, kò sì sí bí a ṣe lè ní kí ọ̀kan dúró síta. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún so ọmọ náà pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, ti igi rọ́bà ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n tún so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́, ó di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ní ìran kọ̀ọ̀kan wọ́n á gbin àwọn ọmọ náà sáàárín àrùn, wọ́n á hú èyí tó bá ṣàìsàn dànù, èyí tó bá rọ́jú ni wọ́n á mú lọ sí ìran tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà ẹ̀gẹ́ ṣe ń padà díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ìlera igi rọ́bà kó má bàa jábọ́ lójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, nítorí ẹ̀fọ́ àti èso inú ọbẹ̀ wa náà gba ọ̀nà yìí. Aràn kan wà nínú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò tòmátò wú kókókókó, kò sì sí tòmátò inú oko tó lè dúró níwájú rẹ̀, títí wọ́n fi lọ bá ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ igbó ilẹ̀ Peru, ní àwọn ọdún 1940. Àwọn méjèèjì kò lè bí ọmọ tó máa yè; ọlẹ̀ inú kóró wọn máa ń kú kó tó gbó. Ńṣe ni wọ́n yọ ọlẹ̀ náà jáde láàyè, tí wọ́n fi oúnjẹ inú ìgò tọ́ ọ dàgbà. Láti ibẹ̀ ni jíìnì tí wọ́n ń pè ní Mi ti wọ inú tòmátò. Ọ̀pọ̀ tòmátò tí wọ́n ń tà káàkiri ayé lónìí ló gbé e sára, ẹni tó ń fi wọ́n sebẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ìgò ṣe abiyamọ fún un rí.

Ká padà sí Amani. Ní àwọn ọdún 1950, D. L. Jennings ló ń bá iṣẹ́ náà lọ. Kí àwọn ọdún náà tó parí, ètò ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ti kógbá sílé. Bó bá jẹ́ pé Amani nìkan ni gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe wà, bóyá ibẹ̀ ni ìtàn yìí ì bá parí sí. Àmọ́ wọ́n ti fi kóró ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì dé Moor Plantation, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n gbin ín níbẹ̀, wọ́n ṣà á, ọ̀kan nínú àwọn tó yege ló gba nọ́ńbà 58308.

Kò sí ẹni tó lu ìlù fún un. Ewé rẹ̀ mọ́ tónítóní lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣu ìdí rẹ̀ kò tó nǹkan. Àgbẹ̀ tí ẹ bá fún ní irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ á dúpẹ́, kò ní gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí a lè kó kóró rẹ̀ sínú agolo ká gbàgbé rẹ̀, nítorí kóró rẹ̀ kì í bí ẹni tó jọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀yà kan mọ́ gbọ́dọ̀ máa gé igi rẹ̀ tún gbìn kó tó gbó jù, lọ́dún dé ọdún. Mo máa ń ronú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 58308, tí wọ́n ń roko yí ẹ̀gẹ́ tí kò ta ká, tí kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò wúlò. Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn yìí, àwọn ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, a kò sì mọ orúkọ wọn.

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA, ibùdó ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé síbẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ àti àwọn irè oko abẹ́ ilẹ̀ mìíràn. Ó bá 58308 nílẹ̀. Ohun tí àwọn yòókù kà sí àbùkù rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́, nítorí òbí ló ń wá. Ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà tí iṣu wọn pọ̀, tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn, pàápàá Brazil. Láti ara 58308 àti ẹ̀yà Brazil kan tí wọ́n ń pè ní Branca de Santa Catarina ni TMS 30572 ti jáde.

Bó ṣe jáde ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Nínú ẹ̀gẹ́, kóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ ènìyàn ọ̀tọ̀. Ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, èso kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan á ga, èkejì á fà bí ìtàkùn, ẹ̀kẹta á korò ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n ní láti hu ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, kí wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ nù. Ọdún kìíní, wọ́n á wo ewé nìkan, èyí tí mosaic bá mú á kúrò. Ọdún kejì, wọ́n á gé igi èyí tó kù, wọ́n á gbìn ín lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á wo iṣu. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé àwọn tó yege lọ sí ilẹ̀ olójò àti ilẹ̀ ọ̀dàn, sí ibi tí ilẹ̀ ti sanra àti ibi tó ti ṣá. Wọ́n á sì gbin ẹ̀yà àwọn àgbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn kó lè jẹ́ òṣùwọ̀n; Isunikankiyan wà lára àwọn tí wọ́n sábà máa ń lò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò dé oko àgbẹ̀, níbi tí wọ́n á ti fi í tẹ gàrí, tí wọ́n á fi í ṣe fùfú, tí àwọn ìyá tó ń dín gàrí á sì sọ tiwọn. Àǹfààní tí ẹ̀gẹ́ ní sì nìyí: bí ẹ bá ti rí ẹyọ igi kan tó dára, ó parí. Gbogbo igi tí ẹ bá gé lára rẹ̀ á jọ ọ́ títí ayé, kò dà bí àgbàdo.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni 30572 dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, àwọn mìíràn bí TMS 4(2)1425 sì tẹ̀ lé e. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní COSCA, tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà láti 1989, fi hàn pé àwọn ẹ̀yà TMS ń mú èrè oko wá tó fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ lọ, kódà láìsí ajílẹ̀. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Oyè yẹn dára lójú mi ju àwọn àmì ẹ̀yẹ tó gbà lókè òkun lọ, nítorí àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ló fi í jẹ ẹ́.

Ohun kan ló fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Igi ẹ̀gẹ́ kan kì í fún èèyàn ju bí ọ̀pá mẹ́wàá tó ṣeé gbìn lọ lọ́dún, nígbà tí ẹyọ àgbàdo kan lè fúnni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kóró. Ẹ̀yà tó dára lè wà ní ibùdó ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kárí àwọn ìlú.

Ìdánwò tó le jù dé ní Uganda. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, mosaic kan bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Luwero, ní àríwá Kampala, tó burú ju èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń tàn kálẹ̀ láti ọdún dé ọdún bí iná inú ọ̀dàn. Ní àwọn agbègbè kan, àwọn àgbẹ̀ pa ẹ̀gẹ́ gbígbìn tì pátápátá, ebi sì wọlé. Ní 1997 ni àwọn olùwádìí tú àṣírí rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì méjì tó pàdé nínú igi kan náà ti pààrọ̀ apá ara wọn, wọ́n sì ti bí ẹ̀kẹta tó le ju àwọn méjèèjì lọ. Àwọn fáírọ́ọ̀sì náà mọ bí a ṣe ń so ẹ̀yà pọ̀. Mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gẹ́ Ìbàdàn ni Uganda mú lò, ó sì fún wọn lórúkọ tuntun: TMS 60142 di Nase 1, TMS 30337 di Nase 2, 30572 sì di Nase 3. Wọ́n wà lára ohun tó dá ẹ̀gẹ́ padà sí àwọn oko tó ti dahoro. Ìlera igi rọ́bà tí wọ́n kó kúrò ní Amani ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló gba Ìbàdàn padà délé.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ohun mìíràn wà nínú oko àwọn àgbẹ̀ wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì fiyè sí. Nígbà tí IITA ń kó àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ jọ, tí wọ́n sì ń gbìn wọ́n wò, àwọn kan wà tí mosaic kò rí nǹkan kan fi wọ́n ṣe. Ọ̀kan ni TME 3. Òmíràn ni TME 7, tí àwọn ìwé ìwádìí ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Oko-Iyawo. Kò sí igi rọ́bà nínú ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní 2002, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìlera TME 3 wá láti ojú kan ṣoṣo nínú àbùdá rẹ̀, tí wọ́n sọ ní CMD2, òbí kan péré sì tó láti gbé e fún ọmọ. Ti igi rọ́bà kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì púpọ̀ ló pín in láàárín ara wọn, ó sì ṣòro láti kó gbogbo wọn lọ sára ọmọ kan. Àgbẹ̀ kan, bóyá àwọn àgbẹ̀ púpọ̀, ló rí igi tí ewé rẹ̀ mọ́, tí wọ́n gé e, tí wọ́n tún un gbìn, tí wọ́n sì fi ta aládùúgbò wọn lọ́rẹ. Iṣẹ́ ìmúdára irúgbìn ni wọ́n ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

CMD2 náà ní ibi tó ń dunni. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hu ọlẹ̀ tuntun nínú ìgò, kí wọ́n lè fi jíìnì mìíràn kún un, wọ́n rí i pé àwọn igi tó ti ibẹ̀ jáde ti sọ ìlera wọn nù. Wọ́n gbìn wọ́n, mosaic sì mú wọn. Ní 2022 ni ìwádìí tọ́ka sí ìyípadà nínú jíìnì kan tó wà lára àwọn tó ń da DNA kọ, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orísun ìlera yẹn. Iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Mo kọ èyí síbí nítorí àwọn tó máa ń rò pé bí jíìnì bá ti ní orúkọ, ọ̀rọ̀ ti tán.

Nísinsìnyí, àrùn mìíràn, tí wọ́n ń pè ní brown streak, ló gba iwájú ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ó yàtọ̀ sí mosaic ní ti pé ewé lè dára lójú, kí àgbẹ̀ wá hú ẹ̀gẹ́ kó bá inú iṣu tó ti gbẹ, tó ti dúdú bí igi jíjẹrà. Storey ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, ní 1936. Ìlera tó ń ṣiṣẹ́ lórí mosaic kò gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ èyí; ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó yege lórí ti ìṣáájú ni èyí ń mú. Àwọn tó ń wá òbí tuntun wá ẹ̀yà kiri, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gẹ́ kan tí àwọn àgbẹ̀ Tanzania ń pè ní Namikonga, tí àwọn ará etíkun Kenya ń pè ní Kaleso. Nígbà tí wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹ̀yà kan náà ni méjèèjì, àti pé orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà: 46106/27, ọmọ igi rọ́bà láti Amani. Ibùdó ti pa iṣẹ́ náà tì láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kò pa á tì. Wọ́n ti ń gé e gbìn bọ̀ láti ìgbà náà.